Naimat Onídìrí, Ìyàwó Tí Mo Ṣáájú Wọlé

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ Naimat ní dáadáa fún yín, agbo ilé Alápó kún fún irú wọn. Ẹ lọ bá wọn. Èmi Hasanat, tí mo ti wà nínú ilé náà kí Naimat tó mọ ọ̀nà Ẹdẹ, bó ṣe rí ni màá ṣe sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó máa lè ní mo purọ́ mọ́ ọn. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti sọ ìyẹn ná, ká má baà máa fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀.

Èmi ni ìyálé gbogbo àwọn ìyàwó ilé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ orí la fi ń ka àgbà láàárín obìnrin ilé, ọjọ́ tí wọ́n bu omi sí ọ lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni. O lè kàwé, o lè lówó, ẹni tó bá ti ṣáájú rẹ wọlé, ìyálé rẹ ni, ó parí. Ìlú Ara ni Ọládòṣù ọkọ mi ti gbé mi wá. Ó pẹ́ gan-an kí Zakariyah àbúrò rẹ̀ tó lọ gbé Naimat wá láti Alajue. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Ó tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ kò fẹ́ jáde lẹ́nu, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná. Mo wò ó látòkè délẹ̀, mo ní èyí ò lè yọ mí lẹ́nu.

Irun ló ń dì. Ó gbé àpótí ìjókòó kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Zakariyah, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀. Ṣùkú ni o, kọ̀lẹ́sẹ̀ ni o, àwọn èyí tí àwọn ọmọ Pólì ń gbé wá nínú fóònù, kò sí èyí tí kò mọ̀ ọ́n dì. Kí ó tó dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tèmi ni gbogbo wọn ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti ti ọjà dé. Ike ni mò ń tà, bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́ àti kẹ́ẹ̀gì. A máa jẹ gúgúrú, a máa sọ̀rọ̀ ọkọ, ẹ̀rín á gba ilé kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n tú kúrò lọ́dọ̀ mi. Qúdrát, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé, tí ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọn àkọ́bí rẹ̀, á gba iwájú mi kọjá, á ní, "Ìyálé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," á sì lọ ki orí bọ àárín orúnkún Naimat.

Èmi ò jẹ́ kó fọwọ́ kan irun mi rí. Obìnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò tí mò ń lọ bá, ọwọ́ rẹ̀ le bí òkúta. Bó bá dì í tán, mi ò ní lè pa ojú dé dáadáa, orí á fọ́ mi mọ́jú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ìwà Naimat gan-an ló ń bí mi nínú jù. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, Naimat ló ń fọ aṣọ mi. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn, wọ́n sì mọ́ ju bí mo ṣe ń fọ̀ wọ́n lọ. Ọládòṣù mú ẹ̀wù rẹ̀ kan sókè, ó ní, "Hasanat, ṣé ẹ̀wù mi ọjọ́sí nìyí?" Ara mi ò tíì yá tán tí mo fi dìde, tí mo lọ gba ìyókù aṣọ náà lọ́wọ́ Naimat.

Ṣùgbọ́n ti irun àti aṣọ kọ́ ló dùn mí wọra. Ti Salman ni. Salman ni àkọ́bí mi, òun náà sì ni ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí. Nígbà tó wà ní kékeré, bó bá ti iléèwé dé tí mi ò tíì ti ọjà dé, ọ̀dọ̀ Naimat ló ń jẹun. Ìyá Kékeré ló ń pè é. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyẹn ti ń dìrí ló ti ń ka ìwé rẹ̀. Bí mo bá dé, tí mo pè é, á ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ n parí èyí." Èyí ọ̀hún kì í tètè parí. Ẹni tí kò rọbí rẹ̀ ló ń jẹ́ ìyá lẹ́nu ọmọ mi. Mo gbé e mì. Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín bóyá ẹ ó lè gbé e mì.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìbò, torí ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ. Ẹni tó bá ń gbé ìlú wa mọ bí ọjọ́ ìbò káńsù ṣe ń rí. Ọkọ̀ ò ní rìn, ọ̀kadà ò ní rìn, kẹ̀kẹ́ ò ní rìn, ọjà á tì pa. Bó bá ṣe ti gómìnà ni, àwọn èèyàn á ti jí ní kùtù láti lọ tò. Ṣùgbọ́n ti káńsù, ọjọ́ ìsinmi la kà á sí nínú agbo ilé wa. Àwọn ọmọkùnrin á gbé bọ́ọ̀lù sí àárín títì, àwọn bàbá wọn á gbé ọpọ́n ayò síta, àwa obìnrin á dín ọ̀jọ̀jọ̀. Naimat nìkan ni yóò wẹ̀, tí yóò da ìborùn borí, tí yóò mú káàdì ìdìbò rẹ̀ dání, tí yóò rọra gba àárín àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá. Màá bi í pé, "Ìyàwó, ọkọ wo lo tún fẹ́ lọ fẹ́?" Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyálé mi, mò ń bọ̀." Kò pẹ́ á padà dé, á tún jókòó ti irun rẹ̀.

Ọládòṣù bi í nígbà kan pé kí ló ń wá lọ síbẹ̀. Ó ní gómìnà ò mọ ibi tí oko bàbá òun wà ní Alajue, káńsẹ́lọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ó ní nígbà tí afárá tí wọ́n ń gbà lọ sóko wó, tí ẹ̀gẹ́ ń jẹrà sí òdìkejì odò, ẹni tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dìbò fún, tí wọ́n mọ ilé rẹ̀, ni bàbá òun àti àwọn àgbẹ̀ yòókù lọ ká mọ́lé ní àárọ̀ kùtù. Wọn ò fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi dìde tẹ̀lé wọn lọ wo afárá náà. Ọkọ mi mi orí, ó ní, "Ọ̀rọ̀ nìyẹn." Ọkọ tó jẹ́ pé mo lè máa bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ kó má dá mi lóhùn. Mo dìde, mo lọ ń fọ àwo tó ti mọ́.

Ọ̀nà tó wọ agbo ilé wa láti títì, òjò ti gbẹ́ ẹ di kòtò. Kẹ̀kẹ́ ò lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí Àwáwù, ìyàwó tó kéré jù nínú ilé, ń rọbí, orí àga ni àwọn ọkùnrin gbé e lé, tí wọ́n fi gbé e jáde sí títì, tó ń ké, tí wọ́n ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọjọ́ náà ni Salman ní ó tó gẹ́ẹ́, òun máa díje fún káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa. Ọmọ mi ti di géńdé nígbà yẹn, iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ du ipò náà, ará òkè àdúgbò ni. Ọ̀dà ti wà lójú ọ̀nà tiwọn tipẹ́, gọ́tà ló kù tí wọ́n ń wá. Bí Salman bá wọlé, wọ́n á ṣe ọ̀nà wa. Bí kò bá wọlé, àga la ó tún máa fi gbé aláboyún. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ẹni tí Salman kọ́kọ́ sọ fún? Èmi tí mo bí i, ẹnu Qúdrát ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń di irun rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ mi jókòó síbẹ̀, tó ń sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún Naimat. Nígbà tó wá sọ fún mi nírọ̀lẹ́, mo ní, "Mo ti gbọ́."

Ìbò ṣì jìnnà nígbà yẹn. Naimat bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ káàdì. Ṣé ẹ rí i, àwa ìyàwó ilé, ilé bàbá wa ni ọ̀pọ̀ wa ti forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, a ò sì gbé e kúrò níbẹ̀. Ara ni tèmi wà. Bí ìbò gómìnà bá ku ọ̀la, màá di ẹrù mi, ó di Ara. Àwọn àbúrò mi á ti máa retí mi, a ó jẹ, a ó mu, a ó dìbò lọ́jọ́ kejì. Bí ẹnì kan ò bá kú, ìgbà yẹn nìkan ni mò ń ráyè sùn nílé bàbá mi. Naimat ní ká lọ sí ọ́fíìsì elétò ìdìbò, ká ní kí wọ́n gbé orúkọ wa wá sí wọ́ọ̀dù tí à ń gbé, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní Ara ò lè dìbò káńsẹ́lọ̀ l'Ẹdẹ. Ó mọ ibi tó ti ń mú wọn. Obìnrin tó bá ti jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀, ó di dandan kó gbọ́. Ta ló fẹ́ dìde nígbà tí wọ́n ti di apá kan orí rẹ̀, tí apá kejì ń ta yáwúyáwú? Kó tó di pé ó parí irun, obìnrin náà ti gbà.

Ó wá bá èmi náà. Ó kúnlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ó ní, "Ìyálé mi, a fẹ́ lọ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú wa."

Ẹ gbọ́ o. Ọmọ èmi ló ń díje, òun ló wá ń pè mí kí n bá òun lọ ṣe é. Mo ní, "Ìyàwó, kí o tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìbò ni mo ti ń dì í. Gómìnà tí à ń dìbò fún ní Ara, ṣé òun náà kọ́ ni gómìnà Ẹdẹ? Káàdì ni káàdì ń jẹ́."

Ó ní, "Ti gómìnà lẹ sọ yẹn, Ìyálé mi. Wọ́ọ̀dù ni ti káńsẹ́lọ̀."

Mo ní kó dìde kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Bó bá ṣe pé Àwáwù ló wá sọ ọ́, tàbí ẹlòmíràn tó wù kó jẹ́, bóyá ǹ bá ti gbọ́. Láti ẹnu Naimat, rárá. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, kì í ṣe ẹnu ìyàwó àná.

Mo tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo pe àwọn ìyàwó tó ṣì ń bẹ̀rù mi, mo sọ fún wọn pé obìnrin tó bá gbé orúkọ rẹ̀ kúrò nílé bàbá rẹ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ já okùn ẹbí rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tèmi. Ìdajì ilé bá Naimat lọ lọ́jọ́ Ajé, ìdajì dúró tì mí. Mo ra gúgúrú, a jẹ ẹ́, a sọ̀rọ̀ ọkọ. Inú mi dùn, n kò ní tan yín. Ó ti pẹ́ tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ti kún bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Salman bi mí nígbà tí ìbò kù díẹ̀ pé, "Ìyá, káàdì yín ńkọ́?" Mo ní, "Ta ló bí ọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó gbà pé mo ti ṣe é.

Nígbà tí ọjọ́ ìbò pé, kò sẹ́ni tó gbé bọ́ọ̀lù sí títì. Mo wọ léèsì mi kan tí mo ti tọ́jú, mo fi káàdì mi sínú báàgì, mo gba ọgbà iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, níbi tí a ti ń dìbò. Àwọn ìyàwó ilé ti tò sílẹ̀. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe tò: bí oníkálukú ṣe wọlé ọkọ ni. Kò sẹ́ni tó pa á láṣẹ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ la ń tò bí wọ́n bá ń pín ẹran Iléyá, bẹ́ẹ̀ la ń tò bí a bá lọ kí ọlọ́mọ tuntun, ẹsẹ̀ wọn ló kàn gbé wọn síbẹ̀. Wọ́n fi iwájú sílẹ̀ fún mi. Naimat jáde láti ipò tirẹ̀, ó wá bá mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí ẹlòmíràn má gbọ́: "Ìyálé mi, ṣé ẹ padà lọ ṣe é?"

Mo ní, "Yàgò lọ́nà mi." Mo lọ dúró síwájú gbogbo wọn, níbi tó tọ́ sí mi.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì gba káàdì mi, ó yẹ ìwé orúkọ wò, ó tún un yẹ̀ wò. Ó ní, "Màámi, orúkọ yín ò sí níbí. Ara ni wọ́n kọ sára káàdì yín." Mo ní kó lajú rẹ̀ wò ó dáadáa, ọmọ mi ló ń díje. Ó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ náà ní sùúrù. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Màámi, kí ẹni tó tẹ̀lé yín lè wá." Gbogbo àwọn tó tò ló gbọ́. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, àwọn obìnrin tó jẹ gúgúrú mi ti ń yọ kúrò nínú ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó wo ojú mi. Nígbà tó kan Naimat, ó na káàdì rẹ̀ sí wọn, wọ́n sì rí orúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohun tó wà nínú mi nígbà yẹn, ẹ gbọ́ ọ. Ó yẹ kó jẹ́ pé Salman ni mò ń rò. Kì í ṣe Salman ni mò ń rò. Ohun tó ń jó mi lára ni pé Naimat ń tẹ̀ka fún ọmọ mi, èmi sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mò ń wò ó.

Mo padà sílé, mo dáná. Mo se ìrẹsì, mo dín ẹran, kí Salman àti àwọn èèyàn rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ bí wọ́n bá dé. Mo se é bí ẹni ń bá ìkòkò jà.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí èsì fi dé. Salman ò wọlé. Ọmọ òkè àdúgbò fi ìbò táṣẹ́rẹ́ jù ú lọ, táṣẹ́rẹ́ ọ̀hún ò sì tó iye àwọn obìnrin tí mo dá dúró. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Àwáwù, tí oyún mìíràn ti wà lára rẹ̀, gbé ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn. Ọládòṣù wò mí, ó sì gbójú kúrò.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, mò ń dúró kí Naimat sọ ọ́. Mo fẹ́ kó sọ ọ́. Mo ti tọ́jú ìjà kan fún un láti ọjọ́ pípẹ́, ohun tí yóò tú u sílẹ̀ ni mò ń wá. Kò sọ ọ́. Etí mi ni mo fi gbọ́ tó ń sọ fún Qúdrát lẹ́yìn ilé pé ẹni tó bá jẹ́ kí Salman gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ò rí ìbò dì, kó má gbé irun wá sọ́dọ̀ òun mọ́.

Salman wá dé. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ olúkúlùkù kí òun tó jókòó. Ẹni tó bá dìbò, wọ́n máa ń fi tàdáwà sí i ní èékánná àtàǹpàkò. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó di àtàǹpàkò náà mú, ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Zakariyah, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún Qúdrát. Nígbà tó kan Naimat, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kó tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo rí i. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ ìborùn.

Èmi ló fi ṣe ìkẹyìn. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ìyá ẹni la fi ń parí ọpẹ́. Ó lóṣòó síwájú mi, ó rọra fa ọwọ́ mi jáde, ó wo àtàǹpàkò ti òsì. Ó tún wo ti ọ̀tún. Ó gbójú sókè wò mí.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn Naimat. "Ìyálé mi ti fi ọṣẹ bó o dànù, Salman. Wọ́n ní àwọn ò lè fi ọwọ́ tó ní tàdáwà se oúnjẹ fún yín."

Gbogbo wa la ti ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ náà, a ti kírun, omi ti kan ọwọ́ gbogbo ilé. Tàdáwà ṣì dúdú rinrin lọ́wọ́ Naimat. Ó dúdú lọ́wọ́ Salman fúnra rẹ̀. Ó wò ó, ó tún wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Ó dìde.

Ó mọ̀. Naimat náà mọ̀ pé ó mọ̀. Mo lè dárí gbogbo ohun tí obìnrin yìí ti gbà lọ́wọ́ mi jì í, ṣùgbọ́n irọ́ tó pa yẹn láti bò mí láṣìírí níwájú ọmọ mi, títí di òní, mi ò tíì lè dárí rẹ̀ jì í.